Wọ́n Ní Àwọn Ti Tún Ògiri Náà Ṣe

Aago kan òru ní Kemi, òkun ti dì gbagidi.
Mo jókòó nínú ọkọ̀ tí mo fi ń gbá yìnyín,
ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, kọfí ń tutù,
fóònù mi fara ti gíláàsì iwájú.
Ní ìlú kan tí oòrùn ò tíì wọ̀, wọ́n ń kéde géèmù tuntun.
Ọ̀gá mi rò pé títì ni mò ń gbá.
Kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kọ́kọ́ yọjú, ogun ni.
Abìrùngbọ̀n kan gbé ìbọn, ó wojú ọ̀run,
ó ní, "Òní ni yóò parí." Apá keje rèé!
Ó parí ní apá kẹta, ó tún parí ní ìkarùn-ún.
Ogun tí kì í tán, àpò wa ló ń kó lẹ́rù.

Lẹ́yìn náà, oko. Ewúrẹ́ funfun mẹ́rin lórí òkè,
ọmọbìnrin kan ń fún wàrà, oòrùn ń pọ́n bí èso àbàtà,
ẹnikẹ́ni ò pariwo, ẹnikẹ́ni ò kú.
Mo dá rẹ́rìn-ín bíi wèrè.
Èmi tí ìyá mi ò lè rán pé kí n bomi rin òdòdó,
mo ti ń wá orúkọ fún ewúrẹ́.

Aulis kọ̀wé láti Rovaniemi: "Ṣé o rí ejò yẹn?"
Mo rí i. Orí mẹ́sàn-án, iná lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Mo ní mo ti dàgbà ju ẹni tó ń kú nígbà igba
kó tó rí ilẹ̀kùn kan ṣí.
Òun náà ní òun ò ní rà á.
Ẹni tó ní òun ò jẹun, tó ti fọwọ́ tán.

Ojú fóònù ṣókùnkùn.
Dùùrù dún, ìró mẹ́ta péré,
ọwọ́ mi sì kúrò lára ife.

Mo mọ ìró yẹn kí orúkọ tó jáde.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, Kaisla jẹ́ mẹ́tàlá,
lórí kápẹ́ẹ̀tì ìyá àgbà ní Simo,
páàdì kan ṣoṣo láàárín wa.
Ilé gíga oníná kan wà létí òkun inú géèmù náà,
ẹ̀yìn rẹ̀ ni ògiri tí àwọn tó ṣe é gbàgbé láti rán pọ̀.
Kaisla ló rí i: fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀, fò lẹ́ẹ̀mejì,
o bọ́ síbi tí wọn ò kùn,
tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní ọ̀run, àwọ̀ eérú lásán.
Ọ̀tá kankan ò lè tẹ̀ lé wa débẹ̀.
A sọ ọ́ ní Ilé.
Bí bàbá bá ti wọlé pẹ̀lú ohùn yẹn,
ibẹ̀ là ń sá lọ. A ò ní tẹ nǹkan kan.
A óò kàn dúró.

Ní báyìí, omi rẹ̀ ń dán bí omi gidi.
Ọkùnrin oníbàtà funfun kan bọ́ síta, ó ń rẹ́rìn-ín:
"A ti tún gbogbo àṣìṣe àtijọ́ ṣe. Kò sí ihò kankan mọ́."
Àwọn èrò pàtẹ́wọ́.

Mo bú u títí gíláàsì ọkọ̀ fi kún fún ooru ẹnu.
Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ta ló ní àṣìṣe ni?
Àádọ́rin yúrò, kí n lọ forí sọ ògiri!

Kaisla wà ní Bergen, ó ń tọ́jú eyín ọmọ ọlọ́mọ;
Kérésìmesì la fi ń gbúròó ara wa.
Mo fi fídíò náà ránṣẹ́, láìkọ ọ̀rọ̀ kan sí i.
Kí n tó gbé kọfí, ó ti dáhùn:
"Rà á. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Dán ẹ̀yìn ilé gíga náà wò."

Ọ̀gá pè lórí rédíò: títì ilé ìwòsàn ti dí.
Mo ní mò ń bọ̀.
Òkìtì yìnyín dúró níwájú mi, ó funfun, ó ga.
Mo kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀.